Òkìkí Ojú Agbo àti Òkìkí Ojú Ẹ̀rọ: Àgbéyẹ̀wò Ẹgbẹ́ Olórin Ọ̀dọ́ àti Ìdíje Orin orí Tẹlifíṣàn ní Nàìjíríà

Ìfáàrà

Bébà yìí kò wá láti sọ ẹni tí ó mọ orin kọ jù. Ohùn dídùn kò wọ́n ní Nàìjíríà. Ní Warri níbí nìkan, bí ènìyàn bá wọ ilé ìjọsìn mẹ́ta ní àárọ̀ ọjọ́ ìsinmi kan, yóò bá ọ̀dọ́ tí ohùn rẹ̀ lè gba omi lójú àgbàlagbà pàdé nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ìbéèrè tiwa yàtọ̀. A fẹ́ mọ bí òkìkí olórin ṣe ń wáyé, a fẹ́ mọ ẹni tí ó ń fún un ní òkìkí náà, a sì fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ olùgbọ́ fi máa ń fi ọkàn tán ẹgbẹ́ olórin ọ̀dọ́ tí ó ti òde àríyá àti ìta dìde, ju ẹni tí a fi iná mèremère gbé jáde lórí tẹlifíṣàn lọ, bí ẹni kejì yìí tilẹ̀ mọ orin kọ dáadáa.

Fún ìrọ̀rùn, a óò pe ọ̀kan ní òkìkí ojú agbo, a óò sì pe ìkejì ní òkìkí ojú ẹ̀rọ. Agbo ni ibi tí olórin àti olùgbọ́ ti ń rí ara wọn lójúkojú, tí olùgbọ́ lè jó, tí ó lè náwó, tí ó sì lè dìde kí ó máa lọ sílé rẹ̀. Ojú ẹ̀rọ ni ibi tí ilé-iṣẹ́ kan ti yan olórin, tí ó wọ̀ ọ́ láṣọ, tí ó gbé e síwájú kámẹ́rà, tí ó wá ní kí á fi fóònù wa dìbò fún un. Èrò wa ni pé olùgbọ́ kò kórìíra tẹlifíṣàn rárá. Ohun tí ó ń fà á sí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ni pé ọwọ́ òun náà wà nínú bí ẹgbẹ́ náà ṣe di ohun tí ó dà. Ó ti rí wọn nígbà tí gìtá wọn kò tíì bá ìlù wọn mu. Ó ti gbọ́ orin tí wọn kò kọ mọ́ nítorí pé agbo kọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tí ó tún ní láti wá fi yé e pé ojúlówó ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ náà kan àwa tí a ń kọ́ àwọn olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé àwòṣe tẹlifíṣàn yìí ti wọ inú ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì wa, kò sì sí ìgbìmọ̀ kankan tí ó jókòó pè é wọlé. A óò dé ibẹ̀ láìpẹ́.

Bí òkìkí ojú ẹ̀rọ ṣe ń wáyé

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni àwòṣe tí a mọ̀ jù lónìí ti wá. Ní ọdún 2001 ni ètò Pop Idol bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ American Idol, láti ìgbà náà ni wọ́n sì ti ń ta àwòṣe yìí káàkiri ayé bí ẹni ń ta bátànì aṣọ. Idols West Africa dé ọ̀dọ̀ wa ní 2007. MTN Project Fame West Africa tẹ̀ lé e ní 2008, ó sì wà títí di 2016. Nigerian Idol náà dé, The Voice Nigeria sì bẹ̀rẹ̀ ní 2016. Ṣáájú gbogbo wọn ni Star Quest ti ilé-iṣẹ́ ọtí Nigerian Breweries wà, èyí tí KC Presh gba ipò kìíní nínú rẹ̀ ní 2002.

Ẹ jẹ́ kí á wo àwọn tí ó ń fi owó ti ètò wọ̀nyí lẹ́yìn. MTN ni ó wà lẹ́yìn Project Fame. Etisalat wà lẹ́yìn Nigerian Idol fún ọdún mélòó kan. Airtel wà lẹ́yìn The Voice Nigeria nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ fóònù ni gbogbo wọn, àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù ni àwọn ará ilé sì fi ń dìbò jù lọ ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn. Ọjà ni ìbò kọ̀ọ̀kan. A kò sọ èyí láti ba ẹnikẹ́ni lórúkọ jẹ́, oníṣòwò kì í fi owó ọjà ṣe sàráà. Ṣùgbọ́n lámèyítọ́ tí kò bá rí i pé ẹni tí ó ń ta ìbò náà ni ó ni agbo, kò tíì wo agbo náà dáadáa.

Ohun tí ó kan lámèyítọ́ jù lọ ni orin tí wọ́n ń kọ níbẹ̀. Orin olórin ni. Olùdíje a mú orin ẹni tí ó ti di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Amẹ́ríkà, a kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹni náà ti kọ ọ́, adájọ́ mẹ́ta a sì sọ bóyá ohùn rẹ̀ gun òkè tó. Ta ni ó kọ ọ̀rọ̀ orin náà? Kí ni ó ń sọ fún ẹni tí ó ń gbé ní Effurun tàbí ní Ìséyìn? Àwọn adájọ́ kì í sábà béèrè. Bí a bá ti yọ ọ̀rọ̀ orin, èdè orin àti ọ̀ràn tí ó bí orin kúrò, ọ̀nà ọ̀fun nìkan ni ó kù fún àyẹ̀wò. A kò kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa pé ibẹ̀ ni orin parí sí.

Ẹ tún kíyè sí àwọn tí ó jókòó sẹ́yìn olùdíje. Onílù wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń ta gìtá wà níbẹ̀, ẹni tí ó ń tẹ dùùrù wà níbẹ̀. Àwọn ni wọ́n ń gbé orin náà dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ètò dé òpin. Kò sí ẹni tí ó mọ orúkọ wọn nílé, kò sì sí nọ́ńbà tí a lè tẹ̀ láti fi dìbò fún wọn. Ní ilẹ̀ Yorùbá, níbi tí onílù ti lè fi ìlù rẹ̀ pe olówó lórúkọ kí ó sì gba owó kí olórin tó la ẹnu, ohun ìyàlẹ́nu ni èyí jẹ́, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lójú.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Ní 1966, àwọn oníṣẹ́ tẹlifíṣàn ní Amẹ́ríkà ṣa ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin jọ, wọ́n pè wọ́n ní The Monkees, wọ́n sì ní kí wọ́n máa ṣe bí ẹgbẹ́ olórin nínú eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ẹlòmíràn ni ó ń lu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ohun èlò tí a ń gbọ́ nínú àwo wọn. Ohun tí ó wú wa lórí nínú ìtàn náà ni pé àwọn ọmọ náà fúnra wọn ni ó yarí. Nígbà tí yóò fi di 1967, wọ́n ti jà títí wọ́n fi gba àyè láti lu ohun èlò wọn fúnra wọn nínú àwo tí wọ́n pè ní Headquarters. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn olùgbọ́ ni ó yarí. Láti 2005 títí dé 2008, ẹni tí ó bá gba ìdíje The X Factor ni ó ń gba ipò kìíní lórí àtẹ orin ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Ní 2009, tọkọtaya kan bẹ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n ra orin tí ẹgbẹ́ Rage Against the Machine ti kọ láti 1992. Wọ́n rà á, ó sì borí. Ó dà bí ẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi owó ara rẹ̀ ra orin àtijọ́ láti fi sọ pé "ẹ má yàn fún mi mọ́" kò ṣeré.

Ojú agbo

Àwọn baba wa nínú orin kò bẹ̀rẹ̀ láti òkè. I. K. Dáíró, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà tí a bí sí Ọ̀fà ní 1930, ṣe iṣẹ́ onígbàjámọ̀ kí orin tó lè bọ́ ọ. Ní 1957 ni ó dá ẹgbẹ́ Morning Star sílẹ̀, èyí tí ó di Blue Spots lẹ́yìn náà. Sunny Adé wà nínú ẹgbẹ́ Moses Ọláìyá, ẹni tí gbogbo wa mọ̀ sí Bàbá Sàlá, kí ó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Ebenezer Obey gba ọwọ́ Fatai Rolling Dollar kọjá. Ọ̀dọ́ ni gbogbo wọn nígbà náà. A máa ń gbàgbé èyí nítorí pé àwòrán àgbà wọn ni ó wà lójú wa.

Síkírù Àyìndé Barrister kéré púpọ̀ nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ wéré, ìyẹn orin ajísààrì tí àwọn ọmọ máa ń kọ láti fi jí àwọn Mùsùlùmí ní òru nínú oṣù Ramadan. Ó yẹ kí á ronú lórí irú agbo tí èyí jẹ́. Ẹni tí a jí lójú oorun kì í parọ́ pé orin dùn. Bí àwọn ọmọ náà kò bá mọ̀ ọ́n kọ, wọn yóò gbọ́ èébú láti ojú fèrèsé. Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n kọ, ilẹ̀kùn yóò ṣí, oúnjẹ àti owó yóò sì jáde. Láti inú irú ilé-ẹ̀kọ́ yìí ni fújì ti wá. Kò sí adájọ́ mẹ́ta lórí àga tí ó lè ṣe iṣẹ́ tí oorun ń ṣe fún àwọn ọmọ wọ̀nyẹn.

Bí ẹgbẹ́ olórin ṣe ń dàgbà lóde ìnáwó náà kò yàtọ̀. Olórin yóò bẹ̀rẹ̀, yóò máa wo ẹsẹ̀ àwọn tí ó ń jó. Bí ẹsẹ̀ bá ń wọ́, yóò ṣẹ́wọ́ sí onílù kí ó yí i padà. Bí orin kan bá mú àwọn ènìyàn dìde, orin ìṣẹ́jú márùn-ún lè di ti wákàtí kan. Owó tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí rẹ̀ kì í ṣe owó nìkan, ìdájọ́ ni. Nígbà tí ẹgbẹ́ náà bá fi máa wọ ilé ìgbohùnsílẹ̀, àwọn tí kò gba sísì kan nínú rẹ̀ ti bá wọn tún orin náà ṣe nígbà àìmọye. Ìdí nìyí tí àwo yóò fi jáde tí àwọn ènìyàn yóò máa sọ pé "orin wa". Wọn kò ṣàṣejù.

Àwọn kan lè sọ pé àwa àgbà ni a kàn ń kórìíra ohun tuntun. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Tẹlifíṣàn kì í ṣe ohun tuntun fún olórin Yorùbá: ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1959 ni WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò tíì sí láyé. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dáíró àti Blue Spots rẹ̀ borí nínú ìdíje orin jùjú kan tí wọ́n gbé jáde lórí tẹlifíṣàn ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Ìdíje nìyí, tẹlifíṣàn nìyí, òkìkí rẹ̀ sì pọ̀ sí i. Ní 1963 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi oyè MBE dá a lọ́lá. Kí wá ni ìyàtọ̀? Odindi ẹgbẹ́ ni ó wá, onílù àti elégbè rẹ̀ wà níbẹ̀. Orin tirẹ̀ ni ó kọ, ní èdè tirẹ̀. Ó sì ti ń jẹun lóde àríyá kí kámẹ́rà tó rí i. Ojú agbo ni ẹ̀rọ ti bá a.

Udje: ìdíje tí àwọn onílé wa mọ̀

Lórí ọ̀rọ̀ ìdíje yìí, àwọn tí wọ́n gbà wá lálejò ní agbègbè Delta ní ẹ̀rí tí ó jinlẹ̀ ju tiwa lọ, ó sì yẹ kí àwa tí a ń kọ́ni ní Yorùbá jókòó kọ́ ọ lọ́dọ̀ wọn. Àwọn Urhobo ni ó ni orin àti ijó tí à ń pè ní Udje. G. G. Darah ti ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ Battles of Songs, Tanure Ojaide náà ti kó àwọn orin náà jọ, ó sì ti ṣàlàyé wọn. Àdúgbò méjì tàbí ìlú méjì ni ó máa ń fi orin bá ara wọn jà. Ọ̀kan yóò ṣeré tirẹ̀ lọ́dún yìí, èkejì yóò jókòó gbọ́ gbogbo èébú náà, yóò lọ sílé, yóò sì padà wá fèsì lọ́dún tí ń bọ̀. Àwọn akéwì tí ó ń hun orin náà, tí wọ́n ń pè ní ororile, yóò wádìí ìwà ahun, ìwà ọ̀lẹ àti ìwà àgbèrè tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, wọn yóò fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, ẹgbẹ́ náà yóò sì fi ara balẹ̀ kọ́ ọ pẹ̀lú ijó rẹ̀.

Ìdíje tí ó le nìyí. A kò mọ èyí tí ó le tó o lórí tẹlifíṣàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí ó ń dájọ́: ẹni tí ó mọ ahun tí a ń bú náà ni, ẹni tí ó lè sọ ibi tí òótọ́ parí sí tí àsọdùn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ sì wo bí ìdájọ́ ṣe ń pẹ́ tó. Orin tí ó bá dun ọ̀tá dé egungun yóò máa wà lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà tí aṣọ ijó ti padà sínú àpótí. Ẹni tí ó ń dìbò nílé níwájú tẹlifíṣàn kò ní irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀, orin náà kò sì sọ̀rọ̀ nípa ẹnikẹ́ni tí ó mọ̀. Nítorí náà ni ètò fi ní láti wá nǹkan mìíràn fún un: wọn yóò lọ ya ilé olùdíje, ìyá rẹ̀ yóò sunkún, a óò gbọ́ ìtàn ìyà rẹ̀. Àánú ni yóò wá gbapò ìmọ̀. A kò bú ẹni tí ó sunkún o. A kàn ń sọ pé ẹkún ìyá olórin kì í ṣe ara orin.

Ìdíje kọ́ ni ọ̀tá nígbà náà. Àìsí agbo ni.

Ofege àti The Cavemen

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kí á má baà sọ pé ohun tí ó bá ti gbó nìkan ni ojúlówó. Ní 1973, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama St. Gregory's ní Èkó, tí Melvin Ukachi wà lára wọn, gbé àwo kan jáde lábẹ́ EMI. Wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní Ofege, wọ́n pe àwo náà ní Try and Love. Ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n nítòótọ́. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú orin wọn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan ń jẹ́ "Gbe Mi Lo", gìtá wọn sì ń ké bíi ti àwọn olórin rọ́ọ̀kì òkè òkun. Bí a bá fi òṣùwọ̀n àṣà nìkan wọ̀n wọ́n, òṣùwọ̀n náà kò ní kún.

Síbẹ̀ ojúlówó ni wọ́n. Bí a bá gbọ́ àwo náà lónìí, ohùn ọmọdé ń gbọ̀n díẹ̀ níbẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó yọ ọ́ kúrò. Orin tiwọn ni wọ́n kọ, ìgboyà àti àìmọ̀kan inú rẹ̀ náà tiwọn ni. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn tí ó ń ṣa àwo àtijọ́ ní òkè òkun tún un tẹ̀ jáde. Kò sí ìbò tí ó gbé e débẹ̀.

Ní àkókò tiwa, ẹgbẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bá mu jù ni The Cavemen., Kingsley Okorie tí ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ àti Benjamin James àbúrò rẹ̀ tí ó ń lùlù tí ó sì ń kọrin. Wọ́n ti wà lára àwọn tí ó bá Lady Donli ṣe àwo rẹ̀ Enjoy Your Life ní 2019 kí wọ́n tó gbé tiwọn jáde. Roots ni orúkọ àwo àkọ́kọ́ wọn, 2020. Love and Highlife tẹ̀ lé e ní 2021. Èdè Ìgbò ni wọ́n fi ń kọ púpọ̀ nínú rẹ̀, háíláìfù tí àwọn bàbá wọn jó ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ní Èkó, àwọn ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ Ìgbò ń kọ ọ́ tẹ̀ lé wọn.

Kí ni wọ́n ń gbọ́? Ẹ fi etí sí "Anita". Gìtá ìsàlẹ̀ ni ó ń rìn ṣíwájú, ìlù kì í pariwo, ó ń dúró de gìtá bí ẹni tí ó mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò yà sí. Àlàfo wà nínú orin náà, wọn kò sì bẹ̀rù rẹ̀. Irú ìgbọ́ra-ẹni-yé bẹ́ẹ̀ ń gba ọdún. Ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ilé tí kámẹ́rà wà kò lè pèsè rẹ̀. A kò sọ pé wọn kò ní àbùkù. Ọ̀rọ̀ orin wọn kì í jinlẹ̀ tó ìlù wọn, ẹni tí ó bá gbọ́ àwo kejì lẹ́yìn ti àkọ́kọ́ yóò sì rí i pé ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀. Àwọn gbajúmọ̀ kò tìtorí èyí fi wọ́n sílẹ̀: Aṣa pè wọ́n sínú àwo rẹ̀ V ní 2022, Davido pè wọ́n sínú Timeless ní 2023 pẹ̀lú Angélique Kidjo. Ẹni tí ó ti ní òkìkí ni ó lọ bá wọn.

Àríyànjiyàn kan tí a kò lè fò dá

Àríyànjiyàn kan wà tí ó lágbára, a kò sì fẹ́ fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Agbo kò ṣe dáadáa sí àwọn obìnrin. Ẹgbẹ́ jùjú àti ẹgbẹ́ fújì, ilé ọkùnrin ni. Obìnrin inú wọn, elégbè tàbí oníjó ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ta ni yóò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ obìnrin ọmọ ọdún méjìdínlógún máa ti òde dé ní aago mẹ́rin òru? A mọ̀ pé Salawa Àbẹ̀ní gbé àwo wákà àkọ́kọ́ rẹ̀ jáde ní 1976 nígbà tí kò tíì pé ogún ọdún, a sì mọ àwọn ìbejì Lijadu. Ṣùgbọ́n irú wọn kò pọ̀. Ẹ wá wo àwọn tí ìdíje ṣí ilẹ̀kùn fún: Omawumi, Chidinma tí ó gba Project Fame ní 2010, Yẹmí Aládé tí ìdíje Peak Talent Show ní 2009 gbé dìde, Níniọlá tí ó kópa nínú Project Fame ní 2013. Ẹni tí ó bá fẹ́ lé tẹlifíṣàn lọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn obìnrin wọ̀nyí ì bá gbà wọlé.

A gbà pé ilẹ̀kùn ni. Ilé kọ́.

Omawumi ni kí á fi ṣe àpẹẹrẹ, torí pé Warri níbí ni a bí i sí. Itsekiri ni, èdè Itsekiri sì jẹ́ ìbátan Yorùbá tímọ́tímọ́. Ẹnikẹ́ni nínú wa kò nílò ògbufọ̀ kí ó tó mọ ohun tí "Ọma wu mi" ń sọ. Ní 2007 ó ṣe ipò kejì nínú Idols West Africa, Timi Dakolo ni ó ṣe ipò kìíní. Ohun tí àwọn ènìyàn fi mọ̀ ọ́n lónìí kì í ṣe orin àwọn ẹlòmíràn tí ó kọ nígbà ìdíje náà. Láti ìgbà àwo rẹ̀ Wonder Woman, 2009, ni ó ti ń kọ ọ́ ní pijin Warri, pẹ̀lú ẹ̀rín àti ìgboyà ojú títì Warri, tí ó sì ń bá ẹgbẹ́ onílù ṣeré lójú agbo níbi tí kò ti sí ẹni tí ó lè fi ìbò gbà á sílẹ̀. Iyanya náà gba Project Fame ní 2008, ṣùgbọ́n nǹkan bí ọdún mẹ́rin kọjá kí "Kukere" tó sọ ọ́ di ẹni tí ọmọdé mọ̀, ijó Etighi ti àwọn ará Calabar ilé rẹ̀ ni ó sì gbé orin náà. Níniọlá padà sí èdè Yorùbá. Ìgbà tí wọ́n padà lọ bá agbo ni òkìkí wọn tó dúró.

Ẹ̀dà Project Fame mẹ́sàn-án ni a ṣe láti 2008 sí 2016. Ẹni tí ó bá lè dárúkọ mẹ́rin nínú àwọn tí ó gba ipò kìíní láìwo fóònù, ó gbìyànjú. Ẹ̀bi kì í ṣe tiwọn. Wọ́n fún wọn ní mọ́tò àti owó, wọn kò fún wọn ní olùgbọ́; olùgbọ́ kò ṣeé fún ènìyàn.

Inú ọgbà tiwa

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan tí a ti wà níbẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n ṣe ìdíje orin. Àga mẹ́ta wà níwájú fún adájọ́, iná aláwọ̀ mẹ́rin ń tàn, olóòtú ń fi ohùn imú sọ Gẹ̀ẹ́sì bíi ti òkè òkun. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá ni ó jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, orin inú ẹ̀rọ ni gbogbo wọn ń kọ lé lórí, mẹ́tàlá nínú wọn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọmọ ẹ̀ka orin mẹ́rin tí a mọ̀ pé wọ́n máa ń lù pọ̀ nílé ìgbé wọn jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn, wọ́n ń wòran. A bi ọ̀kan nínú wọn pé kí ló dé tí wọn kò forúkọ sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin mà, ẹnìkọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń gbà. Wọn ò gba ẹgbẹ́."

Èsì ọmọ yìí ni ó bí bébà yìí. Àwọn tí yóò lọ kọ́ àwọn ọmọ wa ní ẹ̀kọ́ Cultural and Creative Arts nílé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n. Bí ohun tí wọ́n bá mú kúrò lọ́dọ̀ wa bá jẹ́ pé orin ni kí ènìyàn kan dúró nínú iná kí mẹ́ta máa dá a lẹ́jọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọn yóò ṣe é ní kíláàsì, ọmọ ogójì yóò jókòó, ọ̀kan yóò kọrin. Ìlù, egbe, ìfetísílẹ̀, kí ènìyàn dákẹ́ kí ẹnìkejì lè wọlé, gbogbo rẹ̀ yóò bọ́ sọnù láìsí ìjà. Àwọn èdè agbègbè yìí yóò sì tẹ̀ lé e: Urhobo, Itsekiri, Ijaw, títí kan Yorùbá tí a ń kọ́ wọn.

Ohun tí a ń bèèrè fún kò ṣòro. Kí ìdíje ọ̀sẹ̀ akẹ́kọ̀ọ́ gba ẹgbẹ́, ó kéré tán ènìyàn mẹ́ta, kí obìnrin wà nínú rẹ̀, kí wọ́n mú orin tí wọ́n hun fúnra wọn wá ní èdè ilé wọn, kí ó sì jẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni kí ó má jẹ́ òru. Kí á má ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n ṣeré ní oṣù àkọ́kọ́, kí wọ́n tún ṣeré ní oṣù kẹta, kí á wo ẹni tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ padà wá gbọ́ láìsí ẹni tí ó pè wọ́n. Nígbà ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́, kí ẹgbẹ́ kan lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan kí wọ́n kọ orin náà fún àwọn ọmọdé. Agbo ọmọdé kò yàtọ̀ sí ti ajísààrì, wọn kì í parọ́. Owó iná aláwọ̀ àti owó olóòtú tó láti ra gìtá kan àti agídígbo kan lọ́dọọdún.

Ìṣòro kan wà tí a kò tíì rí ojútùú sí. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni yàrá ohun èlò orin ń tì ní ọ̀pọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, aago márùn-ún ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń ráyè. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ gba kọ́kọ́rọ́ náà sọ́wọ́.